Ọkọ̀ ogun fún ìlú tí kò sí

“Bàbá Ìbejì wà ńbẹ̀ o, Mọ́mì. Ó ń kan ọkọ̀ ogun fún ìlú tí kò sí.”

Bí ìyàwó mi ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Èmi kọ́ ló ń bá wí. Ìyá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní pálọ̀, ilẹ̀kùn yàrá tí mo wà ò sì padé tán. Mi ò gbọ́ èsì tí màámi fún un. Ẹ̀rín wọn ni mo gbọ́, ẹ̀rín gidi, èyí tó máa ń mú wọn wúkọ́ níkẹyìn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, wọn ò sì dárúkọ mi mọ́.

Lónìí, òjò rọ̀ láti ìdájí. Wọ́n mú iná lọ, wọ́n dá a padà, wọ́n tún mú un lọ. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo sì dé. Ó tán.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lọ́kàn mi. Mo wọ mọ́tò, ó bá mi wọ mọ́tò. Kọ̀ndọ́ ń bèèrè owó lọ́wọ́ mi, èmi ń wá èsì tí mo máa fọ̀ fún ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìlú tí kò sí. Ó dáa, ta ló sọ pé ó wà? Eré ọwọ́dilẹ̀ mi ni yíya àwòrán ọkọ̀ ogun fún erékùṣù kan tí mo fọkàn dá: èmi fúnra mi ni mo gbé e sínú Òkun Baltic, ní gúúsù Sweden, níbi tí omi lásán wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ìgbà àwọn ọkọ̀ aṣọ́bodè méjì àkọ́kọ́ mọ ojú tí a fi rí i kí ilé ìgbìmọ̀ wọn tó buwọ́ lu owó. Ọba wọn ò tíì dárí jì mí nítorí ọkọ̀ kejì. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀, mo mọ̀. Ẹni tó ń pa irọ́ tó sì mọ̀ pé irọ́ ni, kí lẹ tún fẹ́ wá sọ fún un?

Síbẹ̀, ó dùn mí. Tàbí kò dùn mí, ó kàn… mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ná.

Nínú eré mi, ọdún 1906 la wà. Erékùṣù fẹ́ armoured cruiser kan ṣoṣo, ìyẹn kúrúsà, ọkọ̀ ogun ayára tí wọ́n fi irin bò lára. Gbogbo ìlú kékeré tó ra irú ọkọ̀ yìí láyé ìgbà náà, ohun kan náà ni wọ́n ń wá: kó lágbára ju ọkọ̀ tó bá lè sáré bá a, kó sì yára ju ọkọ̀ tó bá lè fọ́ ọ. Ó rọrùn lẹ́nu. Tọ́ọ̀nù 6,500 ni mo ní, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ lé. Tọ́ọ̀nù yìí dà bí owó oṣù: kéèyàn tó yọ ti ilé àti ti iléèwé ọmọ, ó ti ń tán lọ, a ò sì tíì dé ọjà. Ara ọkọ̀ á gba tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti bọ́ílà á gba tiwọn, ká má tíì dárúkọ àgbá, ọta, èédú, omi mímu, oúnjẹ àti èèyàn bí irinwó. Mo fi àmùrè irin Krupp tó nípọn tó mílímítà 150 yí i ká níbi tí omi ti ń kan ara rẹ̀. Mo fún un ní àgbá méjì tí ihò ẹnu wọn fẹ̀ tó mílímítà 210, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, irú èyí tí iléeṣẹ́ Bofors ń ṣe fún àwọn ọkọ̀ aṣọ́bodè Sweden nígbà yẹn. Àwọn onímílímítà 152, mẹ́jọ, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Eré rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀tì 22.

Ibi eré yẹn ni wàhálà wà. Ọ̀gágun ojú omi wọn (èmi náà ni) ní 23 lòun fẹ́. Nọ́ọ̀tì kan péré! Àmọ́ omi kì í gbọ́ àwáwí. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ sáré ní ìlọ́po méjì, agbára tó máa nílò á tó ìlọ́po mẹ́jọ, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 22 sí 23, agbára ẹṣin 14,000 á di 16,000. Ẹgbàá ẹṣin tó lé yẹn ń fẹ́ bọ́ílà, bọ́ílà ń fẹ́ àyè, àyè ń fẹ́ kí ọkọ̀ gùn sí i, ọkọ̀ tó gùn sì ń fẹ́ irin púpọ̀ sí i tó máa bò ó. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú Springsharp, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò ọkọ̀ ogun, ó ní agbára ara ọkọ̀ ti já sí 0.94. Bí kò bá ti tó 1.00, ẹ má tan ara yín, ìgbì lásán ló máa kán an láìsí ọ̀tá kankan nítòsí. Mo dá a padà sí 22. Ọ̀gágun ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn Sweden ṣe tiwọn. Fylgia, tí wọ́n tì sómi lọ́dún 1905, kò wúwo ju tọ́ọ̀nù 4,300 àti díẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń pè é ní armoured cruiser tó kéré jù lọ. Àmùrè mílímítà 100, àgbá mílímítà 152 mẹ́jọ ní méjì-méjì nínú ilé àgbá mẹ́rin, eré nọ́ọ̀tì 22. Kò sí àgbá ńlá kankan lórí rẹ̀. Ọkọ̀ tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn òmìrán ìgbà yẹn lọ, mo sì ń bínú sí i pẹ̀lú, torí tí mo bá gbójú sókè láti orí ìwé àwòrán mi, òun ni mo máa ń rí, ó ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi 210 ṣe.

Ẹ wá gbọ́ o. Sweden ò jagun láti ọdún 1814. Wọ́n kan Fylgia, wọ́n kun ún, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì ń rìnrìn àjò káàkiri ayé. Ó wà títí di àwọn ọdún 1950. Ọkọ̀ ogun fún ogun tí kò sí! Ṣé ẹnì kan pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù láti fi ìyẹn rẹ́rìn-ín?

Ajẹntínà ńkọ́? Àwọn àti Chile ra ọkọ̀ títí gbèsè fi fẹ́ wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n wá jókòó lóṣù Karùn-ún ọdún 1902, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà. Kúrúsà méjì tí wọ́n ń kàn fún Ajẹntínà ní Genoa, Rivadavia àti Moreno, kò wúlò fún wọn mọ́ kí wọ́n tó parí wọn. Japan ló wá rà wọ́n ní òpin ọdún 1903, wọ́n sọ wọ́n ní Kasuga àti Nisshin, àwọn méjèèjì sì wà nínú ogun ojú omi Tsushima lọ́dún 1905. Inú Nisshin ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá di Yamamoto Isoroku, ọ̀gágun ojú omi Japan, lẹ́yìn náà ti pàdánù ìka ọwọ́ méjì lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ tí wọ́n torí Chile kàn, Rọ́ṣíà ló lọ bá jà.

Ti Sípéènì tún ga jùyẹn lọ. Cristóbal Colón, àbúrò àwọn méjì yẹn láti Genoa kan náà (ẹ̀gbọ́n ni kí n wí, òun ni wọ́n kọ́kọ́ kàn), lọ sójú ogun ní Santiago de Cuba lọ́dún 1898 láìní àgbá ńlá rẹ̀. Àgbá mílímítà 254 tó yẹ kó wà níwájú àti lẹ́yìn, wọn ò rí i gbé sórí ọkọ̀ rárá. Ìlú wà. Ọkọ̀ wà. Àgbá ni kò sí. Tèmi, àgbá wà níbẹ̀ pé pérépéré, ọta rẹ̀ náà wà níbẹ̀, mo kà wọ́n.

Mo ti ń gbádùn ara mi báyìí. Bí ìyàwó mi bá wọlé lásìkò yìí, mo ní èsì tó pọ̀ fún un.

Kí n tún fi Averof, ọkọ̀ Gíríìsì, lé e. Ìtálì ló ń kàn án ní Livorno, wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́, Gíríìsì sì rà á lọ́dún 1909. Oníṣòwò kan, Georgios Averoff, ti kú lọ́dún 1899, ó fi owó sílẹ̀ fún ọkọ̀ ogun nínú ìwé ìhágún rẹ̀, òun ni wọ́n fi san bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ wo ọkùnrin náà: ó ra ọkọ̀ tí kò sí, kò sì gbáyé rí i. Lóṣù Kejìlá ọdún 1912, lẹ́nu ọ̀nà omi Dardanelles, Kountouriotis, ọ̀gágun ojú omi Gíríìsì, rí i pé àwọn ọkọ̀ àgbà mẹ́ta tó ń tẹ̀ lé òun ń fà sẹ́yìn. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó fi Averof nìkan sáré kọjá níwájú àwọn ọkọ̀ Tọ́kì, ó sì lé wọn padà wọlé. Ọkọ̀ kan ṣoṣo. Eré ló jẹ́ kó rí i ṣe o. Nọ́ọ̀tì mẹ́tàlélógún ni wọ́n kọ sí i lára, ẹ má jẹ́ kí ọ̀gágun mi gbọ́. Wọ́n sì tún máa ń sọ pé, nígbà tí ọkọ̀ náà lọ sí England lọ́dún 1911, àwọn atukọ̀ rẹ̀ fẹ́ dìde sí àwọn ọ̀gá wọn nítorí wàràkàṣì tí wọ́n gbé fún wọn. Àwọ̀ búlúù wà lára rẹ̀, wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe wàràkàṣì yẹn nílé tiwọn nìyẹn! Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo fẹ́ kí ilé ìdáná ọkọ̀ mi tóbi.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé orí àwọn àgbá ẹ̀gbẹ́. Mo ti fi mẹ́rin sí déèkì ìsàlẹ̀ torí pé ibẹ̀ ló fúyẹ́ fún ọkọ̀. Ohun tó wúwo, kó má ga. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiwọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1914, ní Coronel lẹ́bàá Chile, ìgbì ru, omi sì ń bo àwọn àgbá ìsàlẹ̀ Good Hope àti Monmouth mọ́lẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọkùnrin kan dúró nídìí àgbá, ọta wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìlẹ̀kùn àgbá ò ṣeé ṣí torí òkun ló wà níta rẹ̀, Scharnhorst àti Gneisenau, àwọn ọkọ̀ Jámánì, sì ń yìnbọn láti inú òkùnkùn. Ọkọ̀ méjèèjì rì. Ó lé ní 1,600 èèyàn. Ẹnikẹ́ni ò yè.

Mo gbé àgbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí déèkì òkè. Orí ọkọ̀ wúwo sí i, ó ń fì ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, mo ní láti mú ikùn rẹ̀ gbòòrò, nọ́ọ̀tì 22 náà wá di 21 àti ààbọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò bínú.

Èsì tí mo ti kó jọ látàárọ̀ sì ti pòórá lẹ́nu mi. Torí ìlú tí kò sí, kò sẹ́ni tó máa bá ọkọ̀ rẹ̀ rì. Irinwó èèyàn tí mo fún ní àyè ìsùn yẹn, kò sí ìyá tó ń dúró de ìkankan nínú wọn. Bóyá ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Bóyá ojo ni mí. Mo lè ka gbogbo ìtàn wọn, kí n mú èyí tó wù mí, kí n sì tún àgbá gbé bí ẹni ń tún àga gbé.

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ wọlé fún mi. Ó gbé àwo lé orí àwòrán náà, epo ọbẹ̀ sì ta sí imú ọkọ̀. Ó wo ibẹ̀ díẹ̀. “Ẹ jẹun kó tó tutù.” Ó jáde. Mi ò bi í léèrè. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ fún mi, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bèèrè rẹ̀?

Nígbà tí mo ń jẹ ẹ̀bà yẹn ló tó yé mi pé ìlú kọ́ ló ń jẹ mí lára. Látàárọ̀ ni mo ti ń bá ìdajì tó kẹ́yìn jà. Ti ìbẹ̀rẹ̀ ni mi ò lè gbé mì. “Bàbá Ìbejì wà ńbẹ̀ o.” Ìgbésẹ̀ mélòó ló wà láàárín pálọ̀ àti yàrá yìí? Ohùn rẹ̀ ò le, kí n sọ òótọ́. Ó dà bí ẹni tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé ara gbogbo wa le. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń yangàn ni, ọkọ mi mọ ọkọ̀ kàn, ẹ ò rí i? Rárá, kì í ṣe ìyangàn. Màámi ò ní rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi wúkọ́ sí ìyẹn.

Àwọn ìbejì ti sùn. Mo lọ jókòó sí pálọ̀ fúngbà díẹ̀, a jọ wo ìròyìn. A sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí. Ó wọ́n o, ẹ gbà mí.

Mi ò ní fọwọ́ kan ọkọ̀ náà lọ́la. Mo ti pinnu.

Àfi ti èédú ṣá. Tọ́ọ̀nù 650 ni mo kó sí i, kò tẹ́ mi lọ́rùn. Colón yẹn, kì í ṣe àìní àgbá ló pa á lọ́jọ́ náà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn Amẹ́ríkà, òun ló yára jù nínú àwọn ọkọ̀ Sípéènì, èédú tó dáa ló tán nínú rẹ̀, ó bọ́ sórí èyí tí kò dáa, eré rẹ̀ já, Oregon sì lé e bá. Tí mo bá yọ mílímítà mẹ́wàá lára àmùrè, níbi tó sún mọ́ ìdí ọkọ̀ nìkan, ìyẹn á fún mi ní bíi tọ́ọ̀nù…