Omi ọmú rin ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ gbindin

Inú ń bí mi láti àná. Nílé iṣẹ́ ńlá tí mo wà n'Íkẹjà, ìyá ìkókó kan tí a jọ ń di ọjà sí páálí tọrọ àyè kó lọ fún ọmọ lọ́mú. Àbúrò rẹ̀ ti gbé ọmọ dé ẹnu géètì. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ ò lè dúró nítorí ọmọ ẹnì kan. Omi ọmú ti rin ẹ̀wù rẹ̀ dé ikùn, ó wá ń fi páálí bo àyà.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà, abala 54, fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, lásìkò iṣẹ́, láti fọ́mọ lọ́mú." Wọ́n ní ta ni mo fẹ́ kọ́ lófin.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n já kúẹ́rì lé mi lọ́wọ́. Àfojúdi ni wọ́n pè é. Àwọn kan náà ló kọ "ẹbí kan ni wá" gàdàgbà sára ògiri o! Màá fèsì, abala 54 ni màá sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọmọ náà ti ní òun á bá mi buwọ́ lù ú.