Ẹ Má Jẹ́ Kí Ewé Ọ̀dùnkún Tàn Yín Jẹ

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin ọ̀dùnkún sẹ́yìnkùlé, inú ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń yanjú. Ìgbà yẹn ni díẹ̀ nínú gbòǹgbò rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ìyókù á sì tín-ín-rín títí dé òpin. Bí ilẹ̀ bá le nígbà náà, tàbí tí omi dúró sí i, ajílẹ̀ kankan kò lè tún un ṣe mọ́.

Nítorí náà, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ilẹ̀ tó fúyẹ́, tó ní yanrìn díẹ̀, ló dára jù. Bó bá jẹ́ amọ̀, ẹ po ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì kọ ebè gígùn tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí ebè kan jìnnà sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 75 sí 100. Ẹ jìnnà sí ìgbẹ́ adìyẹ tútù. Bẹ́ ẹ bá lò ó, ewé á bo gbogbo ọgbà, àlejò á máa yìn yín, ẹ ó sì wa gbòǹgbò bí okùn. Eérú igi díẹ̀ sàn jù, torí pótásíọ̀mù inú rẹ̀ ló ń mú kí ọ̀dùnkún ta.

Ìtàkùn là ń gbìn. Ẹ gé e níbi orí tó ṣì ń rúwé. Ìsàlẹ̀ tó ti gbó kì í tètè mú, kòkòrò sì máa ń yé ẹyin sí i. Kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, kó ní oríkèé 5 ó kéré tán. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fi sí ibòji fún ọjọ́ 1 tàbí 2, kẹ́ ẹ wá rì í ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí oríkèé 3 wọ ilẹ̀, torí ojú oríkèé ni gbòǹgbò ti ń yọ. Sẹ̀ǹtímítà 30 ni kẹ́ ẹ fi sáàárín ẹyọ kan sí èkejì. Ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má gbìn ín dorí kodò. Ẹ bomi rin ín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ro oko lẹ́ẹ̀mejì kí ìtàkùn tó bolẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló máa pa koríko.

Kòkòrò tó jọ èèrà, tó ń gbẹ́ ihò sínú ọ̀dùnkún, ni ọ̀tá tó burú jù. Kò lè walẹ̀, ojú ibi tí ebè ti sán ló ń gbà wọlé. Bí ọ̀dùnkún ṣe ń wú ni ebè ń sán, pàápàá nígbà ọ̀dá, torí náà ẹ máa kó iyẹ̀pẹ̀ bò ó látìgbàdégbà. Èyí tí kòkòrò náà bá ti jẹ á korò, kódà bẹ́ ẹ gé ibi tó bàjẹ́ kúrò. Ẹ dà á nù, ẹ má fi bọ́ ẹran. Ẹ ṣa gbogbo àjẹkù kúrò nínú ilẹ̀, ẹ má sì gbìn ín síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Oṣù 3 sí 5 ló ń gbà, ó kù sọ́wọ́ irú rẹ̀. Ẹ wa ẹyọ kan, ẹ gé e: bí oje ojú ọgbẹ́ náà bá gbẹ láìdúdú, ó ti tó, bó bá dúdú, ẹ fi ọ̀sẹ̀ 2 kún un. Kó tó di ìgbà tẹ́ ẹ máa wa ọ̀dùnkún, ẹ dáwọ́ omi dúró fún ọ̀sẹ̀ 2 kí ọ̀dùnkún má baà sán. Ẹ gé ìtàkùn kúrò, ẹ ki fọ́ọ̀kì oko bọlẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e sókè wẹ́rẹ́, torí awọ rẹ̀ ṣì rọ̀ gan-an.

Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ tò ó síbi tó gbóná tó ìwọ̀n Celsius 30, tó sì ní ọ̀rinrin, fún ọjọ́ 4 sí 7, kí ojú ọgbẹ́ lè dí, kó sì dùn sí i. Èyí tó fara gbọgbẹ́ púpọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ. Ìyókù, ẹ kó o síbi tútù tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kì í ṣe inú fíríìjì: òtútù ibẹ̀ á mú kí àárín rẹ̀ le, kò sì ní rọ̀ bẹ́ ẹ tiẹ̀ sè é títí.