Ìgbà 31 tí wọ́n gbé mi ní 2024

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ka ilé tí wọ́n kọ́, wọ́n ń ka mọ́tò tí wọ́n rà, èmi ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà ni mo ṣí, ojú ewé tó kẹ́yìn pátápátá, ibi tí mo ti ń fi báírò fa igi kékeré kékeré láti January. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lánàá. Igi 31. Ìgbà 31 ni wọ́n gbé mi lọ́dún yìí bí àpò sìmẹ́ǹtì, mi ò tíì ka ti ọkọ mi àti tàwọn ará ilé mọ́ ọn o.

Ẹni tí ò bá mọ̀ mí, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló ṣe mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjì, àga oníkẹ̀kẹ́ ni mo fi ń rìn, iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn níbí. (Tẹ́ ẹ bá rí i tí mo ní "kẹ̀kẹ́ mi", kì í ṣe Marúwá o.)

Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ni pé January yẹn ni ọdún márùn-ún pé. Ẹ rántí pé oṣù kìn-ín-ní 2019 ni Buhari fọwọ́ sí òfin àwa aláàbọ̀ ara, lẹ́yìn tí àwọn àgbà wa ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pààrà Abuja. Òfin yẹn ní gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tá a máa gbà wọlé, ó sì fún wọn ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi tún un ṣe. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò ní ṣọ́ọ̀bù pé àkókò ti pé, èmi òmùgọ̀, mo rò pé tó bá fi máa di Monday a ti máa rí bíríkìlà kiri ìgboro.

Ẹni tí wọn ò gbé rí ò lè mọ̀. Ọ̀kan á ti ọwọ́ bọ abẹ́ abíyá ẹ, ìkejì á di itan ẹ mú, ìró ẹ á máa sún sókè, wàá máa fi ọwọ́ kan dì í mú, wàá fi ìkejì rọ̀ mọ́ ọrùn ọkùnrin tó ò mọ̀ rí, òógùn ẹ̀ á máa kán sí ẹ lójú, ẹnì kan á sì máa ru kẹ̀kẹ́ ẹ bọ̀ lẹ́yìn. Tí wọ́n bá sọ ẹ́ kalẹ̀ wọ́n á ní "Ọlọ́run á wò yín sàn mà", ìwọ náà á ní "ẹ ṣé gan-an ni". Ìgbà 31 ni mo dúpẹ́.

Bánkì ò sí nínú 31 yẹn, torí wọn ò tiẹ̀ lè gbé mi wọlé ńbẹ̀. Ilẹ̀kùn onígíláàsì tó ń gbé èèyàn kan ṣoṣo mì yẹn, kẹ̀kẹ́ ò lè gbabẹ̀, irin ara ẹ̀ a sì máa jẹ́ kí ẹ̀rọ wọn pariwo bí ẹni pé olè dé. Ìta ni mo máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, nínú oòrùn, wọ́n á mú fọ́ọ̀mù wá bá mi, gbogbo ẹni tó ń kọjá á sì máa wo iye tí mo kọ síbẹ̀. Ní April obìnrin kan ju igba náírà lé mi lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Mo wọ léèsì o! Mo gbà á jàre, mo fi ra abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ.

July ló wá le jù. Ọ́fíìsì kan ni, ibi tí mo ń lọ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọmọkùnrin méjì gbé mi, ọ̀kan yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìdí ni mo fi lulẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko mi ò lè jókòó sídìí ẹ̀rọ, aṣọ ẹbí èèyàn wà nílẹ̀, mo dá owó wọn padà. Nígbà tí ara mi yá, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ wa méjì kọ lẹ́tà lọ síbẹ̀, a kọ nọ́ńbà òfin sí i, a kọ ọ́ pé ẹni tó bá yà wá sọ́tọ̀ á san ọ̀kẹ́ márùn-ún, 100,000 náírà, tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ á san mílíọ̀nù kan. Ọ̀gá ibẹ̀ kà á tán, ó wò mí, ó ní "Àǹtí, ṣé a ò gbé yín ni?" Ó sì dùn ún dénú o, kò gbèrò ibi kankan. Ìdáhùn yẹn ni mo gbé sùn fún bí oṣù kan.

Yorùbá ní a kì í tojú onííka mẹ́sàn-án kà á. Ìwà ọmọlúwàbí ni, mo mọ̀, àmọ́ ìtìjú yẹn náà ló jẹ́ kí gbogbo yín máa gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìkànìyàn 2006, tí wọn ò tíì ka òmíràn látìgbà náà, rí aláàbọ̀ ara tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 3 nínú mílíọ̀nù 140, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní nínú èèyàn mẹ́fà ọ̀kan wà lára wa. Àwọn yòókù ńkọ́? Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n wà nígbà tí oníkànìyàn dé. Ẹ kà wá lójú wa.

Ohun kan dáa ṣá. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbọ́ nípa ìṣubú mi, ó pe bíríkìlà láìjẹ́ pé mo sọ fún un, pé kó ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ mi máa gbà gun àtẹ̀gùn wọn. Mo dé ibẹ̀ mo rí nǹkan tó dà bí òrùlé. Àtẹ̀gùn wọn ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, bíríkìlà fẹ́ fi ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta gbé mi dókè! Mo fa téèpù ọrùn mi yọ, mo ní tí ìdúró bá jẹ́ 1, gígùn 12 ni wọ́n ń ṣe é káàkiri ayé. Bíríkìlà ní "Àǹtí télọ̀, ilẹ̀ ò tó." Mo ní kó ṣẹ́ ẹ po bí L. Ó ta kú, èmi náà ta kú, oníṣọ́ọ̀bù ló bá wa dá a. November ni mo gun un fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi nìkan, ọwọ́ mi gbóná, mo ra Panadol tí mi ò nílò.

Mi ò ní gbàgbé September náà. Àwọn eléré ìdárayá Nàìjíríà tí gbogbo ara wọn pé ti lọ sí Olympics ní Paris, wọ́n bọ̀ lọ́wọ́ òfo, Folashade Oluwafemiayo tiwa wá sùn sórí bẹ́ǹṣì ní Paralympics, ìdíje àwa aláàbọ̀ ara, ó gbé irin kílò 167, góòlù. Mo pariwo débi tí oníbàárà fi sáré wọlé. Ẹ ṣàkíyèsí pé òun ló gbé nǹkan o, wọn ò gbé e.

Ibi tí ọwọ́ mi ò ti mọ́: ní March ìyá kan mú ọmọ ẹ̀ wá kọ́ṣẹ́, adití ni ọmọ náà, mo ní mi ò lè gbà á, báwo ni màá ṣe máa bá a sọ̀rọ̀. Èmi! Èmi tí mò ń kọ lẹ́tà fún aráyé. Ó pé oṣù márùn-ún kí ojú tó tì mí, mo ránṣẹ́ pè wọ́n. Kò gbọ́ ohun tí mò ń sọ, ojú ẹ̀ ò sì kúrò lọ́wọ́ mi, nǹkan tí àwọn yòókù ń fi oṣù mẹ́ta kọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi mọ̀ ọ́n. Èmi ni olódo. Mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ pe "òwú", "tú u", "ó dáa", àti orúkọ tó fún mi: ó ń fi ìka méjì ṣe sísọ́ọ̀sì lẹ́bàá etí, ibi tí mo máa ń ki báírò mi bọ̀.

Ti bánkì yẹn ló kù. Mo ti kọ lẹ́tà wọn, ọmọ náà bá mi lẹ̀ ẹ́ lánàá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ January tí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn, màá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ wọn, téèpù mi á sì wà lọ́rùn.