Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Ẹsẹ̀ Yìí Á Tún Wọ Igbó Lẹ́ẹ̀rùn Tó Ń Bọ̀

Alhamdulillah! Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ̀yin tí ẹ ń pè láti òkèèrè, ẹ ṣeun àdúrótì, ẹ ṣeun àdúrà. Wọ́n ti ní kí n máa lọ sílé. Wíwú ẹsẹ̀ tí ejò bù ṣán nígbà tí mo lọ dọdẹ ti lọ sílẹ̀, mo sì ti ń fi tẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bèèrè ẹni tí yóò ra ìbọn, ìbọn kò sí fún títà.

Ọpẹ́ mi pọ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn. Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun. Nígbà tí àwọn èèyàn ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé kó tètè gún mi lábẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló fà sínú ìgò kékeré, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó wo aago. Ìṣẹ́jú 20. Kò mì ín, kò fọwọ́ kàn án. Ìgò gíláàsì gidi ni, tuntun, gbígbẹ. Ó ní bó bá jẹ́ ike ni, tàbí èyí tí wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀, àyẹ̀wò náà lè tan èèyàn jẹ. Wọ́n pè é ní òǹdẹra, wọ́n ní ó fẹ́ pa mí. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àkókò pé, ó rọra dẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ti dì, kó lẹ̀ mọ́ ìdí ìgò. Ṣe ló ṣàn wálẹ̀ bí omi. Ẹ̀rù tó bà mí lójú ẹsẹ̀ yẹn ju ti ìgbà tí ejò bù mí ṣán lọ, torí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi láìfi bò: oró ti jẹ ohun tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì tán, ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ láti erìgì, kó bá ìtọ̀ jáde, tàbí kó dà sínú ọpọlọ láìsí ẹni tó rí i.

Ìgbà yẹn ló wá pe dókítà, tí wọ́n fi oògùn apa-oró sínú omi tí wọ́n so mọ́ mi lápá. Wọ́n ti fa abẹ́rẹ́ adrenaline sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí oògùn náà a máa bá ara ẹlòmíràn jà. Wákàtí 6 lẹ́yìn náà, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ fà. Ó dì. Allahu Akbar.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí wọ́n fi abẹ sín ojú ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí kò dì yẹn, níbo ni ì bá dúró sí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi okùn dì í pinpin, irú okùn bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ẹsẹ̀ di ohun tí wọ́n ń gé. Ọmọ tó gbé mi lórí ọ̀kadà kò dá yín lóhùn. Igi méjì ló gé, ó fi aṣọ ọrùn ara rẹ̀ di ẹsẹ̀ náà mọ́ ọn kó má lè mì, ó ní n kò gbọdọ̀ rìn. Ọlọ́run á gbé e ga. Àti ẹni tó fẹ́ padà lọ pa ejò náà wá, ṣé kí ejò tún bu ẹni kejì ṣán ni? Ìgò kékeré yẹn ti sọ ohun tí dókítà fẹ́ gbọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ṣe kí òjò tó dáwọ́ dúró ni kí n bèèrè ilé ìwòsàn tó ní oògùn náà ní ìtòsí ibi tí a ti ń dọdẹ. Ẹ kọ orúkọ ọ̀kan sílẹ̀: EchiTAb-Plus-ICP. Costa Rica ni wọ́n ti ń ṣe é, oró àwọn kan nínú ìdílé paramọ́lẹ̀ àti sèbé atutọ́ ilẹ̀ wa ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹ má dúró dìgbà tí ejò bá ṣáni kẹ́ ẹ tó máa wá a káàkiri.

Bàtà rọ́bà tó dé orókùn ni mo máa wọ̀. Mo ti gbọ́ tiyín pé bàtà ọdẹ kọ́ nìyẹn, pé ó ń dún nínú ewé gbígbẹ. Òótọ́ ni pé ó ń dún, pàápàá nígbà ọyẹ́. Nítorí náà, ìrìn mi á dín kù, mo máa lo ẹ̀gùn, pèpéle igi tí ọdẹ máa ń jókòó sí lókè. Abẹ́ àgbálùmọ̀ tàbí òro tí èso rẹ̀ ń já ni mo fẹ́ dì í sí, bíi ẹsẹ̀ bàtà 12 sókè, kí afẹ́fẹ́ máa ti ọ̀dọ̀ ẹran wá sọ́dọ̀ mi. Ẹ̀gùn ọdún tó kọjá kò ṣeé gùn lójú lásán: ikán ti lè jẹ inú igi, òjò sì ti lè mú okùn rà. Ẹ fi ìwúwo yín dán an wò láti ìsàlẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé ìbọn gun igi. Ẹ yọ ọta, ẹ gùn ún tán, kẹ́ ẹ tó fi okùn fà á sókè.

Tọ́ọ̀ṣì méjì. Ti iwájú orí ń wá ojú ẹran lọ́ọ̀ọ́kán, kò rí ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń tẹ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í sì í sá fún ẹsẹ̀, àwọ̀ ewé gbígbẹ ló gbójú lé. Ti ọwọ́ ni kó máa wo ilẹ̀. Ojú tó bá sì tàn lóru, ẹ wá ara rẹ̀ kẹ́ ẹ tó yìnbọn, torí ojú màlúù ń tàn, ti ajá náà ń tàn.

Akọ àgbọ̀nrín nìkan ni mo máa wá lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀ yìí. Akọ ló ń ní ìwo, nítorí náà kò sí àwáwí. Abo a máa lo nǹkan bí oṣù 6 nínú oyún, ọmọ kan ló sì sábà máa ń bí. Ẹ pa abo, ẹ ti pa ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹtu ló ṣòro díẹ̀, akọ àti abo rẹ̀ ló sábà ń ní ìwo. N kò ní yìnbọn ju ìgbésẹ̀ 30 lọ, ẹ̀yìn apá iwájú ni, nígbà tó bá fi ẹ̀gbẹ́ hàn mí. Bisimillah kí n tó fa ìbọn, ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí mo bá bá a láàyè. Bó bá sá, ẹ wo ẹ̀jẹ̀: èyí tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hó wá láti inú ẹ̀dọ̀fóró, kò ní lọ jìnnà. Èyí tó dúdú, tó ń rùn, tí koríko lílọ̀ wà nínú rẹ̀, ikùn ni ọta gbà. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan, torí bẹ́ ẹ bá lé e, á dìde, á sì gba igbó mìíràn lọ kú.

Igbó Ọ̀ṣun kò sí nínú ètò mi. Èèwọ̀ ni ọdẹ ṣíṣe níbẹ̀, ó sì ti wọ ìwé ogún àgbáyé UNESCO láti 2005. Ẹni tó bá ń ṣọ́ etí rẹ̀ lóru kó má ṣe dárúkọ mi mọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ pé ẹ fẹ́ bá mi lọ, mo gbọ́. Ẹ ra bàtà, ẹ ra tọ́ọ̀ṣì kejì, kẹ́ ẹ sì sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹnìkan nílé. Ẹni tí kò bá ní bàtà, n kò ní mú un wọgbó, bó ti wù kó bẹ̀ mí tó.