Wágọ́ọ̀nù Àtijọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: Ibi Tí Omi Ń Gbà Pa Wọ́n

Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ tó ń rú èéfín lojú gbogbo ènìyàn máa ń lọ bá. Wágọ́ọ̀nù tó wà lẹ́yìn kì í rẹ́ni yà wò, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló gbé èédú àti ọjà orílẹ̀-èdè náà.

Ṣáájú ọdún 1948, àwọn tó ni ibi ìwakùsà àti àwọn oníṣòwò èédú ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n á kọ orúkọ wọn gàdàgbà-gadagba sára pákó. Nígbà tí ogun dé lọ́dún 1939, ìjọba kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn pa pọ̀. Ní January 1, 1948, èyí tó lé ní 500,000 di ti British Railways, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ti ìjọba. Onípákó ló pọ̀ jù, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn ká, tí wọ́n ń fi onírin rọ́pò wọn. Àwọn àgbẹ̀ ló gba díẹ̀ là lára àwọn tó ní òrùlé: wọ́n ra ara rẹ̀ láìsí ẹsẹ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀ sóko, wọ́n sọ ọ́ di ilé adìẹ àti ibi ìkóúnjẹ-ẹran-sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tí a rí lónìí fi jẹ́ ara lásán, tí a ní láti wá ṣáṣì, ìyẹn férémù abẹ́ tó ń gbé e, tó bá a mu níbòmíràn.

Èyí tó wù mí jù láti ṣàlàyé ni wágọ́ọ̀nù gáàdì, èyí tí gáàdì, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, máa ń wà nínú rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ wágọ́ọ̀nù ẹrù kò ní bíréèkì tí awakọ̀ lè tẹ̀ láti iwájú. Ọ̀pá kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró nílẹ̀ kó tó lè tẹ̀ ẹ́. Ṣéènì olójú mẹ́ta tó dẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Bí ọkọ̀ bá dé orí òkè tó dà gẹ̀rẹ́, yóò dúró, wọ́n á ti ọ̀pá bíréèkì mélòó kan mọ́lẹ̀, kó tó máa sọ̀ kalẹ̀. Bó bá débi tó tẹ́jú, wọ́n á tún tú wọn. Gáàdì tó wà lẹ́yìn pátápátá ló ń yí bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ kí ṣéènì má baà dẹ̀ jù, nítorí bó bá dẹ̀ tó sì tún fà lójijì, yóò já. Wágọ́ọ̀nù gáàdì gbọ́dọ̀ wúwo kó tó lè di ọkọ̀ mú: èyí tó wọ́pọ̀ wúwo tó tọ́ọ̀nù 20, wọ́n sì máa ń fi kọnkéré kún ti British Railways. Ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Great Western ni wọ́n ń pè ní Toad, orúkọ tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ nínú tẹlígíráàmù. Ìpẹ̀kun kan ṣoṣo ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ wà. Láti 1968, ọkọ̀ ẹrù tí bíréèkì gbogbo wágọ́ọ̀nù rẹ̀ wà lọ́wọ́ awakọ̀ kò nílò rẹ̀ mọ́.

Ní ti àtúnṣe, ibi tí irin àti pákó ti fẹnu kora ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Omi á dúró síbẹ̀, irin á dógùn-ún, á wú, á sì ya pákó. Ẹ tú bóòtù àtijọ́. Èyí tí kò bá gbà, ẹ gé e. Ẹ kun pákó tuntun yípo kó tó wọlé, pàápàá ẹnu ibi tí ayùn ti gé e, torí ibẹ̀ ló ń mu omi jù. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù dí àlàfo ìsàlẹ̀: omi tó bá wọlé gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí pákó tuntun ṣe máa nípọn tó, ẹ má wọn ti àtijọ́ láàárín, ó ti jẹ tán níbẹ̀. Abẹ́ irin igun ni ẹ ó ti rí bó ṣe nípọn tẹ́lẹ̀.

Ti wágọ́ọ̀nù èédú onírin yàtọ̀. Imí ọjọ́ (sulphur) inú èédú tó bá pàdé omi á di ásíìdì, ilẹ̀ wágọ́ọ̀nù ló sì máa kọ́kọ́ jẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àpótí òróró tó wà ní ìkángun ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀. Bí omi bá ti wọnú rẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ pààrọ̀ tìmùtìmù tó ń fa òróró sókè. Bí òróró kò bá dé ibi tó yẹ, bẹ́árìn, ibi tí ọ̀pá náà ti ń yí, á gbóná títí irin funfun inú rẹ̀ á fi yọ́.

Òjé, tó léwu fún ara, lè wà nínú ọ̀dà àtijọ́. Ẹ fi omi rin ín bí ẹ bá ń họ ọ́, ẹ sì bo imú. Kẹ́ ẹ tó họ ohunkóhun, ẹ fi àtùpà tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì ya fọ́tò ara rẹ̀: lẹ́tà orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sábà máa ń hàn lábẹ́ ọ̀dà.