Rélùwéè kékeré tó ń ti Zaria lọ sí Jos

Nígbà tá a wà lọ́mọdé ní Jos, tí bàbá bàbá mi bá ti mu kókò tán báyìí, ìtàn rélùwéè kékeré ló kàn, àwa a sì máa rò pé àsọdùn àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àfi bí mo ṣe lọ wádìí ẹ̀, àṣé òótọ́ ni o! Bauchi Light Railway ni wọ́n ń pè é, Zaria ló ti ń gbéra, ó dé Bukuru, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos, ní 1914. Torí tíìnì ni wọ́n ṣe ṣe é, irin tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ tó jẹ́ kúzà làwọn Hausa ń pè é, torí kó tó dé, orí làwọn aláàárù fi ń rù ú títí dé Loko létí odò Benue, ẹ sáà wo ọrùn èèyàn! Ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ péré ló wà láàárín irin ẹ̀, ti Èkó sí Kano jẹ́ 3 àbọ̀, nítorí náà tẹ́rù bá dé Zaria wọ́n á tún já a, wọ́n á wá kó o sínú tréènì ńlá. Bàbá ní ó lọ́ra débi pé èèyàn lè bọ́ sílẹ̀ lọ tọ̀ kó sì sáré bá a padà, èmi ò tíì gba ìyẹn ṣá. Ìgbà tí rélùwéè ńlá gba Kafanchan dé Jos ní 1927 ni nǹkan yí padà fún un, wọ́n wá tì í pa ní 1957. Ìṣó irin ẹ̀ kan, gbọ̀ọ̀rọ̀ báyìí, ó ti dípẹtà, òun ni bàbá fi ń ti ilẹ̀kùn yàrá títí dòní.