Ibi Tí Wákàtí Òde Ẹ̀rí Mi Lọ Lọ́dún Yìí

Bí ọdún ṣe ń parí lọ yìí, mo fẹ́ fara balẹ̀ wo ohun tí mo fi àkókò òde ẹ̀rí mi, ìyẹn àkókò tí mo fi ń wàásù, ṣe ní ti gidi. Lóòótọ́, September ni ọdún iṣẹ́ ìsìn àwa Ẹlẹ́rìí Jèhófà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń parí ní August, àmọ́ December ni ọkàn mi máa ń balẹ̀ tó láti ro irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti 1920 ni àwọn akéde, ìyẹn àwọn Ẹlẹ́rìí tó ń wàásù, ti ń kọ iye wákàtí tí wọ́n fi wàásù sínú ìròyìn wọn, títí di November 2023 tí ètò náà yí padà, tó fi jẹ́ pé ohun tí akéde máa ń fi hàn báyìí ni pé òun kópa nínú iṣẹ́ náà, àti iye ẹni tí òun ń kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì. Àwa aṣáájú-ọ̀nà, ìyẹn àwa akéde tí a ní iye wákàtí tí a gbọ́dọ̀ fi wàásù, ṣì ń ka wákàtí tiwa. 840 ni ti aṣáájú-ọ̀nà déédéé lọ́dún tẹ́lẹ̀. Láti 2023, ó ti di 600.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí lè rò pé ọ̀rọ̀ sísọ ló ń gba gbogbo wákàtí náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrìn, ìdúró àti ìkíni ló ń gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìgbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù la máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, a ó sì dáwọ́ dúró nígbà tí a bá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. A kì í ka àkókò tí a fi jẹun mọ́ ọn, a kì í sì í ka èyí tí mo lò nínú mícrà, ọkọ̀ èrò kékeré, láti Àpáta níbí ní Ìbàdàn kí n tó débi tí a ti máa pàdé.

Ní Bódìjà, géètì ló ń gba àkókò wa. A ó tẹ aago, ajá á gbó, mẹ́gádì á ní kí a dúró kí òun lọ béèrè, yóò pẹ́ kó tó padà, yóò sì sọ pé ọ̀gá ń sinmi. Mi ò bínú sí àwọn ọ̀gá náà, torí pé ọ̀pọ̀ wọn ò ní ọjọ́ ìsinmi mìíràn ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ. Nígbà míì, mẹ́gádì nìkan la máa bá sọ̀rọ̀ ní odindi òpópónà kan, ìyẹn náà sì tó iṣẹ́, torí náà la ṣe máa ń mú ìwé àṣàrò kúkúrú lédè Hausa dání.

Ọ̀tọ̀ ni ti Kúdẹtì. Ìwàásù kì í ṣe ohun àjèjì níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni David Hinderer tó jẹ́ míṣọ́nnárì àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí ní 1853. Mùsùlùmí àti Kristẹni lè jọ wà nínú agbo ilé kan ṣoṣo, ẹni tó bá sì sáré kọjá lára bàbá tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti lọ bá ọ̀dọ́ kan nínú yàrá ti ba ìwàásù tirẹ̀ jẹ́. A gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí àgbà, kí a dáhùn ìbéèrè nípa ilé àti ọ̀nà, kí wọ́n tó fún wa níjòókòó. Lójú tèmi, ìkíni yẹn wà lára iṣẹ́ náà gan-an, mi ò sì ní kánjú rẹ̀ nítorí wákàtí.

Ibẹ̀ la ti bá màmá kan tó ń fi ewé pọ́n ẹ̀kọ. Gbígbóná ni wọ́n ti máa ń pọ́n ẹ̀kọ, torí náà, wọ́n ní, “Ẹ máa kà á lọ, ọmọ mi, etí mi wà níbẹ̀.” Arábìnrin tí a jọ jáde bẹ̀rẹ̀ sí í kà, àmọ́ lójijì ni màmá béèrè pé, “Ṣé ọmọ mi tó kú máa ń gbọ́ nígbà tí mo bá ń pè é?” Wọ́n fi igbá sílẹ̀, wọ́n dé ìkòkò, wọ́n nu ọwọ́. A ka Oníwàásù 9:5 fún wọn, a sì ṣí Jòhánù 5:28, 29, wọ́n ní kí a tún un kà. Nígbà tí wọ́n máa fi ṣí ìkòkò, ẹ̀kọ tó kù ti dì.

Ìròyìn mi gba àkókò tí èmi lò lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ibi tí a ti ń kọ àkókò tí màmá náà lò, bẹ́ẹ̀ ọjà wọn ni wọ́n fi sílẹ̀ gbọ́ wa. Gbogbo ìgbà tí mo bá ronú nípa wákàtí ni èyí máa ń gbà mí lọ́kàn jù, torí pé àkókò àwọn onílé pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ju bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn tí oúnjẹ òòjọ́ wọn wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nítorí náà, lọ́dún tó ń bọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni màá máa lọ sí Kúdẹtì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tajà tán, màá sì fi ìpadàbẹ̀wò, ìyẹn pípadà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ti gbọ́ wa rí, ṣáájú kí n tó wá ilé tuntun. Ní ti Bódìjà, lẹ́tà ni màá máa kọ sí àwọn ilé tí géètì wọn kì í ṣí. Ó ti mọ́ wa lára láti March 2020, tí àrùn Kòrónà dá ìwàásù ilé-dé-ilé dúró, títí di September 2022 tí a padà sẹ́nu ọ̀nà. Arábìnrin tí a jọ ń jáde ti gbà, ọ̀dọ̀ màmá ẹlẹ́kọ la sì máa kọ́kọ́ lọ ní January.